Bọ́ọ̀dù Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí firmware, ìyẹn ètò tó ń darí chip, bá kọ̀ tí kò wọ orí bọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ kí n wọ inú rẹ̀ tààrà.

"Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀dù yìí ti kú o." Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ fún mi nìyẹn. Èmi náà á bi wọ́n pé, "Kí ló sọ kó tó kú?" Ọ̀pọ̀ wọn kì í rí i sọ. Wọ́n á ní àwọn lẹ́tà pupa kan ló yọ lójú kọ̀ǹpútà, àwọn sì ti pa á dé. Inú àwọn lẹ́tà pupa yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà lónìí. Bọ́ọ̀dù tí firmware kò wọ̀ kì í sábà kú. Ọ̀rọ̀ ló dúró níbì kan láàárín kọ̀ǹpútà àti chip, kọ̀ǹpútà sì máa ń sọ ibi tó dúró sí fún ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á.

ESP32 ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni mo rí lọ́wọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú yín. Ilé-iṣẹ́ Espressif ní Shanghai, ní ilẹ̀ Ṣáínà, ló ṣe é. Ọdún 2016 ló jáde, lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ESP8266 tó ti wà lọ́jà láti 2014. Ẹni tó bá ń lo Arduino Uno tàbí STM32 á rí ti tirẹ̀ fà yọ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, bí orúkọ àwọn ẹsẹ̀ chip tilẹ̀ yàtọ̀.

Nígbà tí ẹ bá tẹ Upload nínú Arduino IDE, tàbí tí ẹ bá pe idf.py flash, ètò kan tó ń jẹ́ esptool ló ń ṣe iṣẹ́ náà lábẹ́lẹ̀. Fredrik Ahlberg ló kọ́kọ́ kọ ọ́ fún ESP8266. Angus Gratton gbà á, ó ń tọ́jú rẹ̀, kó tó di pé Espressif fúnra wọn gbà á sọ́wọ́. Firmware tó ti wà lórí bọ́ọ̀dù yín tẹ́lẹ̀ kọ́ ni esptool máa ń bá sọ̀rọ̀. Kóòdù kékeré kan wà nínú ROM chip náà, tí wọ́n ti fín sínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Òun ni esptool ń pè.

Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn díẹ̀, nítorí ìdí tí mo fi ń sọ pé bọ́ọ̀dù kì í sábà kú nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè pa kóòdù inú ROM rẹ́. Ẹ lè nu fláàṣì, ibi tí firmware ń gbé, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ lè kọ ìsọkúsọ kún inú rẹ̀. Iná NEPA lè lọ ní àárín iṣẹ́, kí kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì sì kú pẹ̀lú rẹ̀. ROM ṣì wà níbẹ̀. Nígbà míì tí iná bá dé, tí ẹ bá pè é bó ṣe yẹ, á jẹ́ yín. Àwọn tó ń fláàṣì fóònù ní Ọ̀tígbà, ní Ìkẹjà, mọ ìbẹ̀rù iná tó lọ lójijì, ìbẹ̀rù wọn sì ní ìdí. Lórí ESP32, kò yẹ kí ìbẹ̀rù yẹn bá yín sùn.

Báwo wá ni chip ṣe ń mọ̀ pé ẹnìkan fẹ́ fi firmware ránṣẹ́? Bí iná bá ti dé ara rẹ̀ báyìí, ó máa ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ GPIO0. Bí GPIO0 bá wà lókè, ní fólítì 3.3, chip á lọ ka ohun tó wà nínú fláàṣì, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Bí GPIO0 bá wà nílẹ̀, ní òdo, á jókòó, á máa retí ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà bá sọ á gba inú okùn USB dé chip kékeré kan lórí bọ́ọ̀dù, CH340 tàbí CP2102 ló sábà máa ń jẹ́, tó ń sọ USB di serial. Láti ibẹ̀, wáyà méjì ló lọ sára ESP32: RX tó fi ń gbọ́, TX tó fi ń fèsì. Ibẹ̀ ni firmware náà á gbà dé inú fláàṣì. Ọ̀nà náà kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí nǹkan bá ti dúró, ẹ má tíì bèèrè ohun tó bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Ìgbà mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ kúrò nílé. Ẹ so bọ́ọ̀dù mọ́ kọ̀ǹpútà, iná pupa tan lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí COM tuntun kankan nínú Windows, kò sí ttyUSB0 nínú Linux. Okùn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Wáyà mẹ́rin ló yẹ kó wà nínú okùn USB tiwa yìí: pupa àti dúdú fún iná, funfun àti aláwọ̀ ewé fún ọ̀rọ̀. Àwọn okùn olówó pọ́ọ́kú tó wà fún ṣájì fóònù, ọ̀pọ̀ nínú wọn, pupa àti dúdú nìkan ló wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iná fi ń tan tí ọ̀rọ̀ kò fi kọjá. Iná tó tàn yẹn ló ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ má fi ojú wo okùn kí ẹ sọ pé ó dára. Ẹ fi okùn náà so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ gbìyànjú láti gbé fọ́tò kan kọjá. Bí fọ́tò bá kọjá, okùn yè. Bí kò bá kọjá, ẹ dá a padà sẹ́nu ṣájà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Bí okùn bá dára tí póòtù kò sì yọ, ó kan driver. Ẹ wo chip kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò USB, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, kí ẹ tó lọ wá driver rẹ̀. Mo ti rí àwọn tó fi driver CP2102 sí kọ̀ǹpútà nígbà mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ CH340 ló wà lórí bọ́ọ̀dù wọn. Linux ní driver méjèèjì nínú tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ní tirẹ̀. Bí póòtù bá wà tó sì ń sọ Permission denied, ẹ kò tíì sí nínú ẹgbẹ́ dialout nìyẹn. Ẹ fi orúkọ yín sí i, kí ẹ jáde, kí ẹ tún wọlé. Àwọn tó ń lo Ubuntu 22.04 tún pàdé ohun àrà kan: CH340 á yọ, á sì tún pòórá lójú ẹsẹ̀. Ètò kan tó ń jẹ́ brltty ló ń gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ètò yìí wà fún ẹ̀rọ ìkàwé àwọn afọ́jú, àwọn kan nínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì ń lo nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà pẹ̀lú CH340, ìyẹn 1a86:7523. Ẹ pe dmesg, ẹ ó rí orúkọ brltty níbẹ̀ ketekete. Ẹni tí kò bá nílò rẹ̀ lè yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà náà bá jẹ́ ti gbogbo kíláàsì, ẹ bèèrè ná kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹnìkan lè wà níbẹ̀ tó ń fi kàwé.

Níbi ọ̀rọ̀ driver, ìtàn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ FTDI tó wà ní Glasgow gbé driver tuntun jáde gba ọwọ́ Windows Update. Driver náà máa ń yí nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn ayédèrú chip FT232 padà sí 0000. Láàárọ̀, bọ́ọ̀dù ń ṣiṣẹ́. Nírọ̀lẹ́, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò mọ̀ pé ayédèrú ni àwọn rà gbà pé bọ́ọ̀dù àwọn ti bàjẹ́. Ariwo pọ̀, wọ́n sì yọ driver náà kúrò. Ṣùgbọ́n chip wọ̀nyẹn kò kú. Nọ́ńbà wọn ló ti di òdo, àwọn tó mọ ọ̀nà sì lo Linux láti dá nọ́ńbà náà padà. Lójú tèmi, ẹni tó fẹ́ bá oníṣòwò ayédèrú jà kò yẹ kó gba ọ̀dọ̀ oníbàárà tí kò mọ̀ lọ. Ìyẹn kò sí lára iṣẹ́ tí ẹ rán mi, ẹ jẹ́ kí n máa lọ.

Póòtù ti yọ, ẹ ti yàn án, ẹ tẹ Upload. Bí kọ̀ǹpútà bá ní póòtù náà is busy, ẹ wò ó bóyá Serial Monitor ló ṣí sílẹ̀ ní fèrèsé mìíràn. Ẹ pa á dé. Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀.

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí jù nìyí: Connecting, tí àmì kékeré á máa tẹ̀ lé ara wọn lọ, lẹ́yìn náà kí lẹ́tà pupa yọ pé Failed to connect to ESP32. Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: kò sí ẹni tó ti fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù yìí tí kò tíì rí gbólóhùn yẹn. Ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń dúró lé e. Wọn kì í ka èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ẹ̀dà esptool tó jẹ́ tuntun, èyí tó tẹ̀ lé e ló ṣe pàtàkì.

Ó lè ní No serial data received. Ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ títí, báìtì kan ṣoṣo kò padà wá. Ó lè jẹ́ póòtù tí ẹ yàn kì í ṣe ti bọ́ọ̀dù yìí. Ó lè jẹ́ pé iná kò dé ara chip, tàbí pé wáyà TX tó fi ń fèsì ti já. Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ USB sí serial tó dá dúró tún lè so TX mọ́ TX àti RX mọ́ RX, kí àwọn méjèèjì máa sọ̀rọ̀ kí ẹnìkan má gbọ́. TX ọ̀kan ló yẹ kó lọ bá RX èkejì.

Ó sì lè ní Wrong boot mode detected, pẹ̀lú nọ́ńbà 0x13 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí mo bá rí èyí, ara mi máa ń balẹ̀. Ẹ wo iye nǹkan tó ti jẹ́rìí sí. Okùn dára, driver wà, póòtù tí ẹ yàn tọ̀nà, iná dé ara chip, chip yè, wáyà tó fi ń fèsì kò já. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù: nígbà tí chip jí, GPIO0 wà lókè dípò ilẹ̀. Ẹni tó rí iṣẹ́ yìí tó wá gbéra lọ ra okùn tuntun, owó rẹ̀ ló ń fi ṣòfò.

Ẹ̀kẹta ní Download mode successfully detected, but getting no sync reply: The serial TX path seems to be down. Èyí yàtọ̀ pátápátá. Chip ti jókòó, ó ń retí ọ̀rọ̀, ó tilẹ̀ ti sọ fún kọ̀ǹpútà pé òun ń retí. Ṣùgbọ́n ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ kò dé etí rẹ̀. TX tí iṣẹ́ náà ń wí, ti kọ̀ǹpútà ni: wáyà RX ti chip ni kí ẹ lọ bá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí i pé ẹ ti so ẹ̀rọ GPS tàbí sẹ́ńsọ̀ kan mọ́ ẹsẹ̀ yẹn, ó sì ń sọ̀rọ̀ lé kọ̀ǹpútà lórí. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ fi firmware sí i, kí ẹ tó dá a padà. Bí ẹ bá fẹ́ kó máa wà níbẹ̀ títí lọ, ESP32 ní UART (ọ̀nà serial) mìíràn tí ẹ lè fún un.

Nọ́ńbà 0x13 yẹn kì í ṣe nọ́ńbà lásán. Bí chip bá ti jí, ó máa ń kọ bí ó ṣe bá àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sílẹ̀, kí ó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. GPIO5 dúró fún 0x01, GPIO15 fún 0x02, GPIO4 fún 0x04, GPIO2 fún 0x08, GPIO0 fún 0x10, GPIO12 fún 0x20. Èyí tó bá wà lókè ló máa wọ inú ìṣirò. Nítorí náà, 0x13 ni pé GPIO0, GPIO15 àti GPIO5 wà lókè; bí chip ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ rẹ̀ ojoojúmọ́. Bí GPIO0 bá wálẹ̀, 0x10 á kúrò, nọ́ńbà á di 0x03, chip á sì múra láti gba firmware. Bí ẹ bá rí 0x0b, GPIO0 wà nílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n GPIO2 wà lókè, kò sì yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ wo ohun tí ẹ so mọ́ GPIO2. Ẹni tó bá mọ ìṣirò kékeré yìí, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún un.

Báwo la ṣe ń mú GPIO0 wálẹ̀? Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ń ṣe é fúnra wọn. Wáyà méjì ló wà lára serial láti ayé módẹ́ẹ̀mù orí fóònù, DTR àti RTS. Àwọn tó ṣe bọ́ọ̀dù náà fi tíráńsísítọ̀ méjì so wọ́n mọ́ GPIO0 àti mọ́ EN, ẹsẹ̀ tó ń mú chip sùn tó sì ń jí i. Esptool á fi RTS mú un sùn, á fi DTR fa GPIO0 wálẹ̀, á sì jí i. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ há. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà kan, pàápàá àwọn tó ń lo Windows, EN máa ń yára dìde kí GPIO0 tó délẹ̀ dáadáa. Chip á jí, á bá GPIO0 lókè, 0x13 á yọ. Ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀dù kan náà fi ń gbọ́ràn lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ yín tí kì í gbọ́ lórí tiyín. Àtúnṣe rẹ̀ ni kàpásítọ̀ kan, láti microfarad 1 sí 10, láàárín EN àti GND (ilẹ̀). Bí ó bá jẹ́ irú èyí tó ní rere àti òdì, rere rẹ̀ ló ń lọ sára EN. Á dá EN dúró díẹ̀ kó tó dìde. Ẹni tí kò ní kàpásítọ̀ lọ́wọ́ lè fi ìka ṣe é: ẹ tẹ bọ́tìnì BOOT mọ́lẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì EN kí ẹ fi sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi BOOT sílẹ̀.

ESP32-CAM, èyí tó ní kámẹ́rà, le ju ìyẹn lọ, àwọn ọmọ iléèwé sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Kò ní ihò USB rárá. Ẹ máa wá ẹ̀rọ USB sí serial tí ẹ máa so mọ́ ọn, ẹ máa fi wáyà jọ́m̀pà so IO0 mọ́ GND, ẹ máa tẹ reset, kí ẹ tó pe esptool. Bí ó bá parí, tí ẹ bá gbàgbé láti yọ wáyà yẹn kúrò, bọ́ọ̀dù á máa jókòó retí firmware mìíràn títí ayé. Ẹ ó máa wo ojú kámẹ́rà, kámẹ́rà á máa wo ojú yín. Ẹ yọ jọ́m̀pà, ẹ tẹ reset, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé chip ti dáhùn. Kíkọ ti bẹ̀rẹ̀, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ń gòkè lọ, ó wá dúró. Ìyára ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù. Arduino IDE sábà máa ń fi 921600 ránṣẹ́. Ní ìyára yẹn, megabyte 1 tí a kò fún pọ̀ á gba nǹkan bíi ìṣẹ́jú-àáyá 11; ní 115200, á gba nǹkan bíi 91. Okùn tó gùn, tàbí USB hub tí kò lágbára, lè má gba ìyára àkọ́kọ́ yẹn. Ẹni tó ti ń jà fún wákàtí kan nítorí pé kò fẹ́ fi ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ dúró, mi ò mọ irú ìkánjú wo nìyẹn. Bí iṣẹ́ náà bá parí tí ó wá ní MD5 of file does not match data in flash, ohun tí a kọ kọ́ ló wà níbẹ̀ nígbà tí a padà kà á. Ìyẹn lè jẹ́ iná tí kò tó, ó lè jẹ́ pé fláàṣì fúnra rẹ̀ ló ń kú lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ, èyí wà lára ìwọ̀nba tó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nǹkan bàjẹ́ lóòótọ́.

Kí ẹ tó lè ka àwọn iṣẹ́ tó kù, ó yẹ kí ẹ mọ ìwà fláàṣì. Fujio Masuoka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toshiba, ní ilẹ̀ Japan, ló gbé e kalẹ̀ fún ayé ní 1984. Ó dà bíi síléètì tí dọ́sítà rẹ̀ tóbi jù: báìtì 4096 ló ń nù lẹ́ẹ̀kan, kò lè nu ẹyọ lẹ́tà kan. Bí ó bá nù ún tán, gbogbo bíìtì ibẹ̀ á di 1. Kíkọ nǹkan sí i ni pé kí a sọ àwọn 1 kan di 0. Láti sọ 0 padà di 1, àfi kí a tún nu gbogbo abala náà. Nítorí náà, bí bọ́ọ̀dù bá ń jí tó ń kú, tó ń kọ invalid header: 0xffffffff léraléra, ẹ ti mọ ohun tó ń sọ. Ó lọ síbi tó yẹ kó bá firmware, ó bá ibẹ̀ ní òfìfo, gbogbo rẹ̀ 1.

Bọ́ọ̀dù tó wà lófìfo kò ní àìsàn kankan. Bóyá ẹ nù ún tí ẹ kò tíì kọ nǹkan sí i, bóyá ẹ kọ ọ́ síbi tí kò yẹ. Lórí ESP32 àtilẹ̀bá, bootloader, ètò kékeré tó ń pe ètò tiyín, ń lọ sí 0x1000, tábìlì àwọn abala (partition table) ń lọ sí 0x8000, ètò tiyín sábà máa ń lọ sí 0x10000. Lórí ESP32-S3 àti ESP32-C3, bootloader ń bẹ̀rẹ̀ láti 0x0. Ẹni tó ka ìtọ́ni ti ọ̀kan tó fi ń ṣe èkejì á rí Hash of data verified, nítorí ohun tó kọ wọlé lóòótọ́, bọ́ọ̀dù kò sì ní jí. Hash kò mọ ibi tó yẹ. Ohun tí ẹ ní kó gbé àti ibi tí ẹ ní kó gbé e sí nìkan ló ń jẹ́rìí sí.

Nígbà míì ẹ ṣí Serial Monitor, ẹ bá ìràwọ̀ àti àmì tí kò nítumọ̀. Ìyára ni kò bára mu. ROM ESP32 ń sọ̀rọ̀ ní 115200. Ti ESP8266 ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù, nítorí 74880 ni tirẹ̀, nọ́ńbà tí ẹ kì í sábà rí níbòmíràn. Kírísítà tó ń fún ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù rẹ̀ ní ìwọ̀n àkókò jẹ́ 26 MHz, bẹ́ẹ̀ ROM ń ṣe ìṣirò bíi pé 40 ni. Ẹ sọ 115200 di ìlọ́po 26, kí ẹ pín in sí 40: 74880 gééré.

Bí ó bá jẹ́ Brownout detector was triggered ló kọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ firmware mọ́. Wi-Fi fẹ́ gbéra, iná kò tó o. Espressif ní kí ohun tó ń fún chip yìí ní iná lè gbé ó kéré tán milliampere 500. Póòtù USB 2.0 kò ní ju iye yẹn lọ, okùn tínínrín sì tún ń jẹ nínú rẹ̀. Ìyípadà okùn tàbí póòtù ló sábà máa ń yanjú rẹ̀. Àwọn kan ń fi kóòdù pa brownout detector náà. Ìyẹn kò fi fólítì kan kún iná. Ẹni tó ń ké ìkìlọ̀ ni wọ́n pa lẹ́nu mọ́. Bí ẹ bá sì rí Guru Meditation Error, ẹ bá mi dúpẹ́: firmware ti wọlé, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, inú kóòdù tiyín ni àṣìṣe wà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mìíràn sì ni ìyẹn.

Ó ku ọ̀kan tó ń dà wọ́n láàmú jù: flash read err, 1000. Bọ́ọ̀dù á máa jí, á máa kọ ọ́, á tún kú. Ẹ padà sí nọ́ńbà boot tó wà lókè rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 0x33, ẹ yọ 0x13 tí a mọ̀ kúrò, ó ku 0x20: GPIO12 wà lókè. Chip máa ń wo GPIO12 láti mọ fólítì tó máa fún fláàṣì. Bí ó bá bá a nílẹ̀, fólítì 3.3, bí ó bá bá a lókè, 1.8. Fláàṣì ọ̀pọ̀ module, WROOM pàápàá, ń fẹ́ 3.3, bí ẹ bá fún un ní 1.8, kò ní lè dáhùn. Ta ló gbé GPIO12 sókè? Lọ́pọ̀ ìgbà, module káàdì SD ni, nítorí résísítọ̀ tó wà lára rẹ̀ ń fa ẹsẹ̀ náà sókè. Ẹ yọ káàdì náà, bọ́ọ̀dù á jí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ti ju bọ́ọ̀dù nù lórí èyí, tí káàdì SD rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jù ú.

Àwọn tí kò lè yọ káàdì náà, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe nílò rẹ̀, ọ̀nà kan wà fún wọn: espefuse set_flash_voltage 3.3V. Lẹ́yìn ìyẹn, chip kò ní wo GPIO12 mọ́, 3.3 ni á máa fún fláàṣì títí láé. Mo sọ ọ́ sí ìparí nítorí pé ọ̀nà yìí yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí a ti ń bá bọ̀. Gbogbo ohun tí mo ti sọ, ẹ lè ṣe é kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. eFuse, ibi tí àṣẹ yìí ń kọ nǹkan sí nínú chip, kì í ṣe bẹ́ẹ̀: bíìtì tó bá ti jó nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó lè dá a padà. Bí fláàṣì tó wà lórí module yín bá jẹ́ irú èyí tó ń lo 1.8, bíi ti àwọn WROVER àtijọ́ kan, àṣẹ yẹn á fi 3.3 lù ú títí láé. Inú eFuse kan náà ni bíìtì kan wà, lórí ESP32 ẹ̀dà 3 sókè, tó ń sọ fún ROM pé kó má dá ẹnikẹ́ni lóhùn gba serial mọ́. Èyí nìkan ni mo mọ̀ tó lè mú kí ROM tí mo fi yangàn níbẹ̀rẹ̀ kọ etí ikún sí yín, bẹ́ẹ̀ chip náà kò kú. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ fún gbogbo ènìyàn lè fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí olè má baà wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò rẹ̀.

Kí espefuse tó jó ohunkóhun, á dá yín dúró, á ní kí ẹ fi lẹ́tà ńlá tẹ BURN. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ìwé module yín kò sí níwájú yín, tí ẹ kò sì tíì rí fólítì fláàṣì rẹ̀ kà nínú ìwé náà, ẹ tẹ Ctrl àti C.